Òkìtì Títì Tó Ń Ya: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Ọjọ́ Ajé, oṣù Kẹsàn-án

Ìdájí la kúrò ní Ìbàdàn, èmi, àwọn ọmọ láàbù méjì àti awakọ̀ wa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fọ́fọ́: irin tí a fi ń lu ilẹ̀, páìpù, èèkàn irin, téèpù gígùn, díígà, ṣọ́bìrì, àti ọ̀rá tí a ó fi di iyẹ̀pẹ̀ padà sí láàbù. A gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà, a yà ní Ìwàràjà, a kọrí sí Ẹrìnmọ̀. Ibẹ̀ ni òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká wa mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Òkè yìí kan náà ni omi Olúmirìn ń gbà já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ilẹ̀ fi ń ya ní agbègbè yìí, òkúta rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe irú òkúta Olúmọ tàbí ti Ìdànrè ló wà níbí. Quartzite ló wà lókè téńté, ó le débi pé òjò kò rí i fọ́. Ṣùgbọ́n òkúta mìíràn há sáàárín rẹ̀ tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, máíkà tó ń dán wìnrìnwìnrìn ló kún inú rẹ̀. Bí òkúta onímáíkà yìí bá jẹrà di iyẹ̀pẹ̀, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ tí omi bá ti kàn án, róólà sì lè máa lọ máa bọ̀ lórí rẹ̀ kó má le. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an ló wà nítòsí fún ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ tí yóò fi dí kòtò.

Ibi tí wọ́n pè wá sí wà lórí ọ̀nà ọlọ́dà kan tó yà kúrò ní títì ńlá, tó wọ àárín àwọn abúlé olóko kòkó lọ. Ọ̀nà náà la àfonífojì kan kọjá. Wọ́n kó ilẹ̀ dí àfonífojì náà di òkìtì, wọ́n sì tẹ́ títì lé e lórí. Lápá òkè, òkìtì yìí kò ga ju mítà 2 lọ. Lápá ìsàlẹ̀, ó ga tó mítà 7, apá ìsàlẹ̀ yìí ló sì ń ya.

Orí títì ni àwọn tó wá pàdé wa fẹ́ mú mi lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ti ìdí òkìtì bọ̀ wá sókè. Nígbà tí a débẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀ ti wú jáde, ó ti ti àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kan gbìn síbẹ̀, gbogbo wọn dà síhà kan náà. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju ti àyíká lọ, bàtà mi sì rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi ń sun jáde níbi mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pọ́n. Omi pípọ́n yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ohun gbogbo tí mo rí lọ, torí omi tó bá mọ́, òun nìkan ló ń jáde, ṣùgbọ́n èyí tó bá pọ́n ń kó ilẹ̀ inú òkìtì lọ díẹ̀díẹ̀. Òpó iná tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ti wọ́, wáyà rẹ̀ sì ti le gan-an.

Ìgbà náà la tó gòkè. Títì ti là, orí lílà náà méjèèjì sì tẹ̀ wá síhà ìsàlẹ̀. A wọ̀n ọ́n, ó gùn ní mítà 31. Apá tó wà lóde ti rì ní sẹ̀ǹtímítà 18. Ọ̀dà tuntun wà lórí ọ̀dà àtijọ́, ìpele mẹ́ta. Bí ó bá ti là, wọ́n á da ọ̀dà sí i, wọ́n á máa lọ, ọ̀dà náà a sì tún di ẹrù lórí òkìtì tí kò lè ru èyí tó wà nílẹ̀. Mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú lílà náà, ó wọlé tó mítà 2 kó tó dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí òjò bá kún inú lílà tó jìn ní mítà 2, omi náà á máa fi agbára tó tó tọ́ọ̀nù 2 ti ilẹ̀ òde lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Nínú mítà 31, ó lé ní ọgọ́ta tọ́ọ̀nù. Kò sí típà kankan tó ń gba ọ̀nà yẹn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ típà ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ a lọ kí Baálẹ̀. Bàbá gbọ́ tiwa tán, wọ́n ní, “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò ní dí ọ̀nà mọ́ wa? Kòkó wa wà lóko.”

Mo ní, “Bàbá, a ò ní dí i. Ọ̀kadà àti mọ́tò kékeré á máa gba apá òkè. Lọ́rì àti típà nìkan la fẹ́ kó dúró fún ìgbà díẹ̀.”

Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Iṣẹ́ téèpù la fi òwúrọ̀ ṣe. A kan èèkàn irin mọ́lẹ̀ ní méjì-méjì, ọ̀kan sí apá òkè lílà, ìkejì sí apá ìsàlẹ̀, a fi òòlù sàmì sí orí wọn, a sì kọ iye mìlímítà tó wà láàárín wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a to èèkàn mìíràn lórí ìlà kan láti etí títì dé ìdí òkìtì. Bí ilẹ̀ bá rìn lóru, àwọn èèkàn yìí yóò sọ ibi tó rìn jù.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ga ní dígírì 35. Òkìtì tí wọ́n bá kọ́ kó máa lọ síta ní mítà kan àti ààbọ̀ fún mítà kan tó fi ga, dígírì 34 ni. Èyí tó bá lọ síta ní mítà 2 fún mítà kan, ó fi díẹ̀ dín ní 27. Fún iyẹ̀pẹ̀ onímáíkà, mítà 2 sí 1 ni mo lè fọwọ́ sí.

A wá lọ sí apá òkè títì láti wo kọ́fátì, ihò kọnkéré tó yẹ kí omi máa gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà. Ihò náà fẹ̀ tó mítà kan, ṣùgbọ́n èyí tó ṣí nínú rẹ̀ kò ju ibi tí apá mi lè wọ̀ lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ̀ka igi, èèpo kòkó àti yanrìn ló dí i pa. Omi ti wá di adágún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá òkìtì fara kínra lọ́sàn-án lóru. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì náà ti fọ́ níbi méjì, àgbàrá tó yẹ kó gbà á lọ ń wọlẹ̀ síbẹ̀.

Mo rò pé a ti rí orísun omi náà tán nígbà yẹn, àfi bí bàbá àgbẹ̀ kan ṣe ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Bàbá náà ti dàgbà gan-an. A kí wọn. Wọ́n béèrè ohun tí à ń wá.

“Omi ni, bàbá. A fẹ́ mọ ibi tó ti ń wọ inú ilẹ̀ yìí.”

Wọ́n na àdá síbi kan tó jìnnà díẹ̀ sí kọ́fátì. “Ẹ bá ti bi wá. Ìsun wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń pọnmi kí wọ́n tó la ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn kan kò gbẹ ẹ́ rí.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Wọ́n sọ fún wa pé ọ̀nà lọ́rì kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ la á, pé àwọn ọkùnrin abúlé wà nínú àwọn tó fi ẹsẹ̀ àti òòlù onígi tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá ni agbaṣẹ́ṣe kan wá fẹ̀ ẹ́. “Típà ló ń da ilẹ̀ sílẹ̀ láti òkè, ó ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò ro igbó. Orí ewé ni wọ́n dà á lé. A sọ, wọn ò gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí wúlò ju gbogbo ìwé tí wọ́n kó fún mi kí n tó kúrò ní Ìbàdàn. Kò sí ìwé kankan nínú wọn tó dárúkọ ìsun, kò sì sí èyí tó sọ pé òkìtì méjì ló wà níbẹ̀, ti àtijọ́ àti èyí tí wọ́n dà lé e léjìká.

Kí a tó lọ sùn, a fi korobá wọn omi tó ń jáde ní ìdí òkìtì. Lítà 10 kún láàárín ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá ń ṣàn bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, lítà 21,600 ni lójoojúmọ́, ó ju omi ọkọ̀ táńkà oní-lítà 10,000 méjì lọ.

Ọjọ́rú

Òní la gbẹ́ ilẹ̀.

Mo yan ibi mẹ́ta: ọ̀kan ní ìdí òkìtì, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan lórí etí títì tó ti rì. Ní ti kòtò, òfin tí mo mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ èyí tó bá jìn ju mítà 1.2 lọ láìjẹ́ pé a ti fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró. Lórí ilẹ̀ tó ń rìn, mi ò tilẹ̀ gbà kó tó bẹ́ẹ̀. Pákó ti wà nínú kòtò àárín kí ó tó dé mítà kan, ẹnì kan sì dúró lókè tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo lílà títì kó sì kígbe bó bá rí ìyípadà.

Láti òkè, iyẹ̀pẹ̀ pupa tó tú ni, òkúta wẹ́wẹ́ àti máíkà pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, ó tún dìde díẹ̀ bí tìmùtìmù. Kò yí padà títí a fi dé mítà kan àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà tí a dé mítà 2.3, ọmọ láàbù tó wà nínú kòtò dáwọ́ dúró, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wá wo èyí.”

Mo sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, ìpele tí kò nípọn ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, ewé tó ti jẹrà wà, èèpo kòkó kan sì wà tí apẹrẹ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ojú ilẹ̀ àtijọ́ tí bàbá sọ nìyẹn. Mo fi ọ̀bẹ gé e, mo rọra ṣí apá òkè kúrò lórí apá ìsàlẹ̀, wọ́n sì yà síra wọn láìjanpata. Ojú méjèèjì ń dán, wọ́n tutù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára wọn tó dojú kọ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìlà wọ̀nyẹn ni ipa ìrìn ilẹ̀: apá òkè ti ń fa ara rẹ̀ lórí apá ìsàlẹ̀, òkúta kéékèèké inú rẹ̀ sì ń kọ ọ̀nà tó gbà sílẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí títì lókè, ojú tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń ti wá.

Lábẹ́ ìpele dúdú náà ni òkìtì àtijọ́ wà, èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Díígà kò tètè wọ ọ́. A lo irin ìdánwò tí òòlù 8 kg ń já lé lórí láti ibi tó ga ní mìlímítà 575: nínú ilẹ̀ òkè, lílù kan ń wọlé tó mìlímítà 45, nínú ti àtijọ́, kò ju 9 lọ.

A di iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá ní ìpele ìpele, a kọ àmì sí wọn, a sì fi ìda dí ẹnu àwọn tó wà nínú páìpù irin kí ọ̀rinrin wọn má bàa sá. A ri páìpù tí a lu ihò sí lára mọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́ta láti máa wo bí omi inú ilẹ̀ ṣe ga tó. A dí kòtò náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú, a ń fi igi tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń dà á.

Ọjọ́bọ̀

Òjò rọ̀ láti oru títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá. Nígbà tó dá, mo lọ wo èèkàn. Àwọn tó wà ní àárín lílà ti fi mìlímítà 14 jìnnà síra ju ti ìrọ̀lẹ́ àná lọ. Omi inú páìpù àárín ti gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 80.

Karl Terzaghi, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ẹnjiníà ní àwọn ọdún 1920. Ohun tó ń mú ilẹ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni bí hóró rẹ̀ ṣe fara ti ara wọn tí wọn kò fẹ́ yọ̀. Bí omi bá kún àárín wọn, tí ó sì ń tì wọ́n, ìfarati yẹn á dín kù. Ìwúwo òkìtì kò dín, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí hóró fi di ara wọn mú ti rọ̀. Nítorí náà ni òkìtì ṣe lè dúró fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kí ó tó ya ní alẹ́ òjò kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ la ṣe, torí òjò oṣù Kẹwàá ṣì wà níwájú. A fi amọ̀ dí lílà títì, a tẹ̀ ẹ́, a fi tàpólì bò ó, a sì fi àpò yanrìn tẹ etí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bá wa kó ìdọ̀tí inú kọ́fátì. Ó gbà wọ́n títí di ọ̀sán. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi wákàtí méjì gbẹ. A gbẹ́ gọ́tà ilẹ̀ gba ẹ̀yìn gọ́tà tó fọ́ kí àgbàrá lè rí ibi gbà.

Ọmọ ilé-ìwé gíga kan ní abúlé ló gbà láti máa wọn èèkàn àti páìpù láràárọ̀, kó sì máa fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka téèpù dé mìlímítà.

Ìbàdàn, oṣù Kẹwàá

Ní kúkúrú: ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n dà lé òkìtì àtijọ́ kò ju ìdá 82 nínú 100 ohun tó yẹ kó jẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú 100, nígbà tí 15 ló dára jù fún títẹ̀. Òkìtì tó ti ń ya tún fún wa ní ìdánwò kan tí láàbù kankan kò lè ṣe: torí ó wà ní bèbè ìṣubú, a mọ̀ pé agbára rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ dọ́gba, a sì lè ka agbára ojú dídán yẹn padà láti ibẹ̀. Bí a bá fa omi sọ̀kalẹ̀ nìkan, agbára á fi ìdá 25 nínú 100 ju ẹrù lọ. Bí a bá tún fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀, tí a sì tẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, á fi 50 nínú 100 jù ú lọ. Ibi tí mo fẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan dábàá pé kí a kàn mọ ògiri kọnkéré gíga kan sí ìdí rẹ̀. Mi ò gbà. Ògiri tí kò ní ibi tí omi ń gbà jáde, adágún ni yóò kọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, oṣù Kìíní

Ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa gbẹ. Ìgbà tó yẹ kí a ṣiṣẹ́ ilẹ̀ nìyí: omi páìpù àárín ti lọ sílẹ̀ ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ ní mítà 1.4, èèkàn kò sì tíì rìn láti ìparí oṣù Kọkànlá.

Awakọ̀ katakata fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òkìtì, kó gbẹ́ ẹ lọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ lè yá. Mo dá a dúró. Ìdí yẹn ló ń di gbogbo ìyókù mú. Láti orí la ti bẹ̀rẹ̀, a ń kó ẹrù kúrò lókè. Nígbà tó kan ìdí, a pín in sí mítà márùn-ún márùn-ún: a gbẹ́ ọ̀kan, a fi òkúta dí i, kí a tó ṣí òmíràn tí kò bá a fara kanra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A kó gbogbo ilẹ̀ tó tú àti ìpele dúdú náà kúrò títí a fi kan òkìtì àtijọ́. A gé àtẹ̀gùn sí i lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mítà kan, kí ilẹ̀ tuntun lè wọ inú ti àtijọ́, kó má kàn gbé ẹ̀yìn tì í.

Ní ọ̀sán a rí ìsun. Kò jìnnà rárá síbi tí bàbá na àdá sí. Omi rẹ̀ mọ́, ó tutù. A gbẹ́ yàrà láti ẹnu rẹ̀ lọ sí ìdí òkìtì, a tẹ́ aṣọ geotextile sínú yàrà náà, a gbé páìpù tó ní ihò sí i, a fi òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ bò ó, a sì ká aṣọ náà dé orí. Aṣọ yìí ń jẹ́ kí omi kọjá, kò sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ bá a lọ. Láìsí i, láàárín ọdún díẹ̀ ẹrẹ̀ á dí òkúta náà pa, a ó sì padà sí ibi tí a ti wá.

Bàbá wá wò ó. Wọ́n ní kí a jọ̀ọ́, kí a má fi ẹnu páìpù pa mọ́ sínú koríko, kí a gbé e síbi tí ènìyàn lè gbé korobá sí. A kọ́ pẹpẹ kọnkéré kékeré kan síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Àgò wáyà. Gabion ni àwọn ẹnjiníà ń pè é: àpótí wáyà tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, tí a ń fi òkúta kún. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ fún irú ibi yìí ni pé omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ilẹ̀ bá sì rìn díẹ̀, ó lè tẹ̀ láìfọ́. Òkúta quartzite tó wà káàkiri òkè yẹn dára fún un.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Bí wọ́n bá kàn da òkúta sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, àyè á pọ̀ jù láàárín rẹ̀, ikùn àgò á sì yọ síta. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó tẹ́jú síwájú, èyí tó kéré sí àárín, kò sì sí èyí tó kéré ju ojú wáyà lọ. Nígbà tí òkúta bá dé ìdá kan nínú mẹ́ta, a fi wáyà so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Tó bá dé ìdá méjì, a tún so ó. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n jù, gbogbo àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A ti ń dá ilẹ̀ padà láti àná, yangí dáadáa tí a kó wá láti ibi tí máíkà kò pọ̀ sí. A ń dà á ní sẹ̀ǹtímítà 20, a ń bu omi sí i, róólà ń tẹ̀ ẹ́ di nǹkan bíi 15, kí a tó da òmíràn lé e.

Lórí ìpele kọ̀ọ̀kan a ń dán ìwọ̀n rẹ̀ wò. A gbẹ́ ihò kékeré, a kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ láìjẹ́ kí hóró kan bọ́, a wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà a gbé ìgò yanrìn gbígbẹ lé ihò náà, a ṣí ẹnu rẹ̀, yanrìn á sì kún ihò náà wẹ́rẹ́. Torí a mọ ìwúwo yanrìn yẹn tẹ́lẹ̀, iye tó bá wọlé ló ń sọ bí ihò náà ṣe tóbi tó, ibẹ̀ la ti ń mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Ìdá 95 nínú 100 ni ó kéré jù tí mo lè gbà.

Ìpele kan jáde ní 91. Ìpele méjì ṣì kù tí a ó ṣe, oòrùn sì ti ń lọ. Fọ́máànù tọ̀ mí wá.

“Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, 91 kò burú jù. Èyí tí a ó dà lé e á tẹ̀ ẹ́ sí i.”

“Kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo èyí tí a kó kúrò níbí, mítà márùn-ún ilẹ̀ ló wà lórí apá kan rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, 82 la sì bá a.”

Ó dákẹ́. Ó pe awakọ̀ katakata, wọ́n ha ìpele náà kúrò, a rí i pé omi tó kàn án kò tó, ó gbẹ jù. Wọ́n bu omi sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́. 96. Iná ọkọ̀ la fi ṣe èyí tó gbẹ̀yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ fọ́máànù náà níwájú gbogbo ènìyàn, torí owó epo rẹ̀ ló ná sí i.

Oṣù Kẹrin

Ìrìn kúkúrú, iṣẹ́ gbíngbìn nìkan. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Koríko vetiver la gbìn, ìlà ìlà káàkiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín kùkù kan sí èkejì. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè jìn tó mítà 3, kì í sì í ràn káàkiri oko ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin abúlé ló gbin èyí tó pọ̀ jù, owó wọn sì dé ọwọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbin ẹ̀gẹ́ tàbí kókò sórí òkìtì mọ́, torí bí wọ́n bá ń wú u, ilẹ̀ tí a tẹ̀ ni wọ́n ń tú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹfà

Òjò ńlá méjì ti kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Mo ti ìdí òkìtì bẹ̀rẹ̀. Omi ń jáde lẹ́nu páìpù, mo gbà á sínú ife funfun, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: kò sí ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Korobá lítà 10 kún láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó yá ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ, ohun tí a sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Omi páìpù àárín ṣì wà nísàlẹ̀ ibi tí ojú dídán yẹn wà rí. Èèkàn tuntun tí a kàn sí etí títì ti fi mìlímítà 2 yàtọ̀ láti oṣù Kẹta, ìjókòó ilẹ̀ tuntun lásán ni.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rá àti ẹ̀ka igi ti tún ń kó jọ sí ẹnu kọ́fátì. A fi àwọ̀n irin kan sí iwájú rẹ̀ kí ìdọ̀tí máa dúró síta níbi tí ọwọ́ lè tó o, a sì jókòó pẹ̀lú Baálẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n gbà pé ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà ìmọ́tótó, kọ́fátì ni wọn yóò kọ́kọ́ kó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọn èèkàn ti ń lọ sí yunifásítì, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ́ kó wọ̀n ọ́n níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á láìṣìnà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni yóò fi iye tó kàn ránṣẹ́.